Aṣọ Ìnujú Funfun Tó Tàn Mí Jẹ

Ní gbogbo Bajulaiye títí dé Bàrígà, Ìyá Jẹnẹ ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má wá ọmọ tó ń jẹ́ Jẹnẹ kiri ilé mi o, mi ò bí i. Jẹnẹrétọ̀ ni mo tún ṣe fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kí n tó gbé sípánà sílẹ̀, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ mi débi pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa, tí pásítọ̀ bá pe Ẹ́sítà Àbẹ̀ní, àwọn èèyàn á máa wo ara wọn. Èmi náà á máa wò wọ́n kí n tó rántí pé èmi ni.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní, "Màmá, iṣẹ́ wo ló yẹ kéèyàn kọ́ láyé ìsinsìnyí?" Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lé mi lórí! Mi ò mọ iṣẹ́ tó máa lówó lórí lọ́dún mẹ́wàá òní. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ tèmi bó ṣe rí, ibi tó dùn àti ibi tí mo ti ṣe ohun tí ojú ṣì ń tì mí fún dòní. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá rò ó wò.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ló ti ń to lẹ́tà. Tí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń yà sí, níbi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kan sí. Ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìbéèrè ti pọ̀ lẹ́nu mi láti kékeré. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, kàkà kí n ké, ńṣe ni mo ń bi agbẹ̀bí léèrè ọ̀rọ̀. Mo bi bàbá mi pé ta ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn tó ń pariwo. Bàbá mi ní, "Lọ bi Ọ̀gá Múfú."

Ọ̀gá Múfú ló ń tún jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé ìtẹ̀wé àdúgbò náà ṣe. Ó ga, ó tín-ín-rín, pákò kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀. Mo dúró tì í títí, mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi ọwọ́ dí ihò yìí, ńṣe ló ń kú?" Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ obìnrin, kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni sà."

"Ọmọ yìí máa yọ mí lẹ́nu," ló sọ, àmọ́ ó dá mi lóhùn. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, mo ní ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kí wọ́n mú mi lọ. Ìyá mi sunkún, aṣọ rírán ló fẹ́ kí n kọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn àti ohun tí wọ́n san, àwọn àgbà ló parí ẹ̀ láàárín ara wọn, mi ò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lórí fóònù, ẹ ò tíì rí ọ̀gá. Oṣù mẹ́fà ni mo lò kí n tó fọwọ́ kan sípánà. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ irin láti àárọ̀ títí ìka mi fi ń bó. Tí ẹ̀rọ bá dé, Ọ̀gá Múfú á ní kí a dijú, á tan án, á sì bi wá léèrè ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ṣì í sọ á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì títí tí á fi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ mi sínú yanrìn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ra òmíràn." Háà! Ó ní kí n lọ yá asẹ́ gàrí wá, kí n fi sẹ́ gbogbo yanrìn iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i. Kò kí mi kú iṣẹ́, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dè é sáyè ẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n jù ni aṣọ ìnujú kan. Funfun báláú ni, ìyàwó ẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́. Tí a bá parí ẹ̀rọ kan, á tan án kó gbóná dáadáa, á wá na aṣọ náà sẹ́nu sàlẹ́ńsà, ibi tí èéfín ń gbà jáde, á ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n. Tí dúdú bá wà lára ẹ̀, kódà kó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, a máa tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ ni. Tó bá jáde ní funfun, á gbé e sókè kí oníbàárà rí i, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Láàárín àwa ọmọ iṣẹ́, "aṣọ ti funfun" la fi ń sọ pé nǹkan ti dáa. Kódà tí ẹnì kan bá fẹ́ ìyàwó tó wù ú, a ó ní aṣọ ẹ̀ ti funfun.

Lọ́jọ́ tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Ọ̀gá Múfú yọ ọ̀kan tuntun nínú àpò, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ́sítà," ó ní, "má fi aṣọ yìí parọ́ fún ẹnikẹ́ni." Mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Mo rò pé mo mọ ohun tó ń sọ.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Bajulaiye. Nígbà yẹn, ilé ìtẹ̀wé àti àwọn olówó ló ní jẹnẹrétọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kékeré tí èèyàn lè fọwọ́ kan gbé fi ya wọ̀lú. Ẹ wò ó, Bàrígà yí padà lójú mi! Onígbàjámọ̀ ní, ẹni tó ń ta ẹja tútù ní, ayálégbé oníyàrá kan ní. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, gbogbo àdúgbò á dún lẹ́ẹ̀kan náà. Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Okùn la fi ń fà á tẹ́lẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́, ó di bọ́tìnnì. Etí ni mo fi ń wá àìsàn ẹ̀rọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá ń lo mítà tó ń kọ nọ́ńbà jáde, wọ́n á máa wò mí bí ará àtijọ́. Ìnfátà dé, sólà dé. Mo bínú sí ìnfátà fún odidi ọdún kan, n kì í kí ẹni tó ń tà á, àfìgbà tí mo yọ́ lọ tú ọ̀kan wò, torí ó ń jẹ mí lọ́kàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láìpariwo. Gbogbo nǹkan ló yí padà lọ́wọ́ mi, àfi aṣọ ìnujú yẹn.

Ẹ jẹ́ n dé ibi tí mo ń lọ. Mo ti ń yí i ká látàárọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bùràímọ̀, ilé ìtẹ̀wé ló ti ń gé bébà. Aláwàdà èèyàn ni, òun àti àwọn ará ilé ẹ̀ nìkan ló ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Jẹnẹ. Yàrá méjì kan wà lẹ́yìn ilé Àlàájì Lásísì ní Bàrígà, tó ní páṣéèjì kékeré tiẹ̀. Yàrá kan ṣófo, Bùràímọ̀ àti Sìkírátù ìyàwó ẹ̀ ń gbé èkejì. Moríyámọ̀, àbúrò Sìkírátù, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, àmọ́ ọwọ́ ọmọ yẹn dùn! Tó bá se ìrẹsì àti ẹ̀wà, gbogbo ilé iwájú á ti gbé abọ́ dání. Búkà ló fẹ́ ṣí, ó tiẹ̀ ti bi mí léèrè bóyá àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi.

Bùràímọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wá, ó ń tú èéfín dúdú bí ẹni ń jó táyà. Ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe. Mo na aṣọ sí i, mo kà dé ọgbọ̀n, funfun báláú. Mo gbé e sókè fún un. "Bùràímọ̀, ẹ̀rọ yìí mọ́ ju abọ́ tó o fi ń jẹun lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n Jẹnẹ, àwọn olè ti jí jẹnẹrétọ̀ méjì gbé nínú ọgbà wa. Tí mo bá ń gbé tèmi sínú páṣéèjì ńkọ́?"

Mo ní, "Bó ṣe mọ́ tó yìí? Ariwo ẹ̀ nìkan ló máa yọ ẹ́ lẹ́nu."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹlòmíì.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Moríyámọ̀ se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún Sìkírátù àti Bùràímọ̀, ó wá lọ sí Ìlàjẹ, létí omi Bàrígà níbí, lọ bá obìnrin kan tó ń yan ẹja, tó máa ń bá ṣiṣẹ́. Òjò dá a dúró síbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó dé láàárọ̀, ó kan ilẹ̀kùn títí, kò séni tó dáhùn. Àwọn ará ilé ló já a. Bùràímọ̀ àti Sìkírátù wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó sùn, wọn ò mí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ wà nínú páṣéèjì, epo ti tán nínú ẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí torí àwọn kan ń sọ pé bóyá ẹ̀rọ ló pa wọ́n. Mo débẹ̀, mo gbé e jáde. Mo da epo sí i níta, mo fa okùn, ó jí lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ aṣọ ìnujú, mo nà án síbẹ̀. Gbogbo ọgbà ń bá mi kà á. Ó jáde ní funfun.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi sì dùn ní kọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ mi ò lábùkù. Mo gbé e sókè, mo pariwo pé, "Ẹ wò ó fúnra yín! Kò séèéfín nínú ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ẹnì kan wá sọ lẹ́yìn pé, "Oúnjẹ ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Moríyámọ̀. Ta ló se oúnjẹ? Òun ni. Ta ni kò jẹ níbẹ̀? Òun náà ni. Kí ló gbé e kúrò nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an? Ọmọ náà ní òjò ló dá òun dúró. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Jẹnẹ, ẹ bá mi dá sí i." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ká aṣọ mi sápò, mo jáde.

Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀, dókítà kankan ò wo òkú wọn. Àlàájì Lásísì, onílé, ní kí Moríyámọ̀ kó ẹrù ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó mú un lọ sílé ẹjọ́, torí kò sí ẹ̀rí; ẹnu nìkan ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Mo gbọ́ pé Ìlàjẹ ló padà sí, pé ẹja ló ń yan. Mi ò lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, mo kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, mo gba ayálégbé sí i, aṣọ ìnujú mi ṣì ń funfun.

Ohun tó là mí lójú ni pé èmi náà fẹ́ẹ̀ kú. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé kó má bàa fẹ́ wọlé, mo ń dán ẹ̀rọ oníbàárà kan wò. Mo ti fi aṣọ wò ó, ó mọ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo ní ebi ni. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì ló rí i pé mi ò dá òun lóhùn, òun ló wọ́ mi jáde sínú òjò.

Nígbà tí mo lajú nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí. "Ìyá, ẹ̀rọ wo lẹ tàn níbi tí ilẹ̀kùn ti wà ní pípadé?"

Mo ní, "Jẹnẹrétọ̀ ni, àmọ́ kò lè jẹ́ òun. Kò tú èéfín jáde rárá. Mo fi aṣọ funfun wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, èédú inú èéfín ni aṣọ yín ń mú. Èyí tó ń pa èèyàn, afẹ́fẹ́ ni. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta èèyàn lójú. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ló ń jẹ́. Ẹ̀rọ tó bá ti ń jó epo, bó ti wù kó mọ́ tó, ó ń tú u jáde. Tẹ́ ẹ bá ti ń fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ yín ló ń lọ jókòó sí, kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó dáa ráyè wọlé. Oorun ló máa kọ́kọ́ gbé yín lọ."

Bùràímọ̀ ni mo ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, bí ẹni tó sùn. Mo bú sẹ́kún, nọ́ọ̀sì rò pé orí ló ń fọ́ mi.

Nígbà tí mo nu ojú tán, ìbéèrè wá ya lẹ́nu mi. Tí kò láwọ̀ tí kò lóòórùn, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó wà nínú ilé? Ó ní aago kan wà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tó máa ń ké tó bá ti gbọ́ afẹ́fẹ́ náà. Ó ní láwọn ìlú kan lókè òkun, òfin ló kàn án nípá fún ẹni tó bá fi ilé háyà pé kó fi í síbẹ̀ fún ayálégbé. Mo dìde jókòó. "Onílé? Òfin? Ta ló ń ra bátìrì ẹ̀? Tí ayálégbé bá yọ ọ́ kúrò torí ó ń ké ńkọ́? Ta ló máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ó lè gbọ́ ti sítóòfù èédú náà?"

"Ìyá," nọ́ọ̀sì ní, "nínú èmi àtiyín, ta ló ń ṣàìsàn?"

Wíwá ni mo wá a kiri ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta sólà kí n tó rí ọ̀kan rà, àwọn tí mo ti bínú sí yẹn náà ló bá mi wá a. Funfun ni, kò tóbi ju abọ́ ìmumi lọ. Mo tan ẹ̀rọ tó mọ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi síta, mo na aṣọ ìnujú sẹ́nu ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé aago dání lọ́wọ́ òsì. Aṣọ funfun báláú. Kò pẹ́, aago bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ọmọ tí ata kó sí lójú. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì. Ọ̀gá Múfú ti kú nígbà yẹn, ká ní ó wà láyé ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí mo bá ń lọ, aago ń bá mi lọ nínú báàgì. Mo gbé e sílé ìdáná àwọn ayálégbé mi, mo gbé e sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fi èédú yan àgbàdo. Àwọn èèyàn ní ọpọlọ Ìyá Jẹnẹ ti ń yí. Mo kan ọ̀kan mọ́ páṣéèjì ilé mi, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo ayálégbé mi: onílé ló máa ra aago, onílé ló máa pààrọ̀ bátìrì, ayálégbé ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́, jẹnẹrétọ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé bó ti wù kó mọ́ tó. Àmọ́ gbogbo ìyẹn, ńṣe ni mo ń sá fún ibi tó yẹ kí n lọ.

Mo wá lọ sí Ìlàjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀bá omi ni mo ti rí Moríyámọ̀, lábẹ́ páànù, ó ń yí ẹja lórí iná. Ó ti di ìyá olómọ, irun ẹ̀ ti ń funfun níwájú. Mo súnmọ́ ọn láti kí i ni aago bá figbe ta nínú báàgì mi. Ó fò sẹ́yìn.

"Kí lẹ gbé wá bá mi yìí?"

Mo jókòó sórí àpótí, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: ọ̀rọ̀ páṣéèjì tí ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bi mí, ìdáhùn tí mo fún un, aṣọ tó ń mú èédú tí kò lè mú afẹ́fẹ́, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Kò dáwọ́ ẹja dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo mọ̀ pé oúnjẹ mi ò pa wọ́n. Mo tọ́ ọ wò kí n tó bù ú fún wọn. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ó nu ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n Jẹnẹ, láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ oúnjẹ mi. Tí mo bá gbé abọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ dà á nù lẹ́yìnkùlé. Mo fi ojú mi rí i. Mi ò sebẹ̀ fún ẹlòmíì mọ́, ẹja ni mò ń yan fún àwọn tó ń rà á lọ sọ́nà jíjìn."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó gbá mi lápá mú, ó le. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi níbi tó jẹ́ pé ẹja nìkan ló ń wò wá. Níbi tẹ́ ẹ ti gbé aṣọ yẹn sókè ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́."

Inú ọgbà Àlàájì Lásísì yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ti ń ṣèpàdé láàárọ̀ Sátidé, òun gan-an ni alága. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ kan lọ, mo gbé aago, aṣọ ìnujú mi, àti ike ńlá kan tí èèyàn ń rí inú ẹ̀ kedere. Moríyámọ̀ wá, ó dúró lẹ́nu géètì. Ó gbé ìkòkò kan tó fi aṣọ wé dání. Mi ò bi í léèrè.

Mo ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo ilé tí a bá fi háyà pé aago á wà níbẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ìyá Jẹnẹ, aago lẹ wá tà fún wa àbí kí lẹ wá ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ní jẹnẹrétọ̀ tó bá dáa ò lè pa èèyàn, ṣebí èmi gan-an ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Mo ní òótọ́ ni, èmi ni.

Mo tan ẹ̀rọ. Mo na aṣọ sí i, mo ní kí wọ́n bá mi kà á. Wọ́n kà dé ọgbọ̀n, mo gbé e sókè, funfun. Mo wá da ẹnu ike bo aago, mo gbé etí ike náà kan sókè díẹ̀, mo darí ẹnu sàlẹ́ńsà síbẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọn ò rí nǹkan kan nínú ike, mímọ́ gaara ló wà. Aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ń ké, ó ń ké, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo pa ẹ̀rọ. Mo ní, "Ọgbà yìí ni mo ti gbé aṣọ yìí sókè nígbà tí Bùràímọ̀ àti Sìkírátù kú. Mo ní kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni. Èmi ni mo sọ fún Bùràímọ̀ pé ó lè gbé e sí páṣéèjì. Moríyámọ̀ ò fi nǹkan kan sínú oúnjẹ, ẹ̀bi tèmi lẹ gbé rù ú." Mo wá kúnlẹ̀, mo kọjú sí géètì, níwájú gbogbo wọn.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, torí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀, ta ló máa ra aago, onílé ni àbí ayálégbé. Àlàájì Lásísì fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Onílé," ó ní. "Èmi ni mo ni páṣéèjì yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Akọ̀wé kọ ọ́.

Ó dìde, ó rọra rìn lọ sẹ́nu géètì. Ó dúró níwájú Moríyámọ̀. Ó ní, "Kí ló wà nínú ìkòkò?"

"Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, Bàbá."

"Bù fún mi."

Wọ́n wá àga fún un, ó jókòó. Gbogbo onílé ń wò ó. Ó jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀ títí abọ́ fi mọ́, ó wá na abọ́ náà sí i padà. "Bù sí i." Omi ń bọ́ lójú Moríyámọ̀, ó bù sí i. Akọ̀wé ló dìde ṣèkejì. Lẹ́yìn ẹ̀, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í tò, wọ́n gbé abọ́ dání bí àwọn ará ilé ṣe máa ń ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún.

Mo wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tó fi kàn mí, èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò ló kù. Moríyámọ̀ fi ṣíbí ha á jọ fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.